Iná Inú Kùkùté

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́.
Mo máa ń mọ ewé tó fẹ́ ṣàìsàn kí ewé náà tó mọ̀.
Mi ò mọ kókó tó ń ta gbòǹgbò lábẹ́ àpò ìtọ̀ mi.
Ohùn kan ṣoṣo ló la kòkó àti kókó láàrin:
ọ̀kan sanwó oṣù fún mi, èkejì ń gbà á padà.

Lákọ̀ọ́kọ́, iná òkèèrè ni wọ́n fi jà á.
Ọ̀sẹ̀ méje, mikirà láti Òkè-Àdó dé Oríta Mẹ́fà,
mo mu omi yó, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ,
ó ń yí mi po bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.
Wọ́n ní jẹjẹrẹ ti kú. Mo pa àgbò kan.
Ọdún mẹ́rin.

Ìgbà tó yá, nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè,
ó gùn díẹ̀, ó sinmi, ó tún gùn,
bí arúgbó tó ń lọ sí Mapó.
Dókítà Ejíwùnmí yí ìwé náà sí mi:
“Bàbá, ó ti padà. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Kò tíì rìn.”

Mo ní kí wọ́n tún iná àná tàn.
Ó mirí. Ìfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ iná tó lè jẹ.
Kí wọ́n gé e ńkọ́? Ó ní ẹran ibẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra,
ọ̀bẹ lè mú ohun tí a ò rán an.
Ó wá sọ̀rọ̀ irúgbìn,
hóró irin tí kò tó ìrẹsì, tí iná wà nínú rẹ̀,
tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gbìn sínú kókó, tí wọn ò ní yọ mọ́.

Ẹ̀rín pa mí.
Bàbá mi ṣe é lóko wa ní Ọmí-Àdió.
Kùkùté tó bá hù lẹ́yìn tí a ti sungbó,
a kì í tún gbogbo oko sun nítorí rẹ̀.
Ẹyín iná la ó tì bọ ihò rẹ̀, a ó fi erùpẹ̀ bò ó,
a ó sì máa lọ sílé.

Kò ṣèlérí. Ó lè gbà, ó lè má gbà.
Ìtọ̀ lè di ogun. Ohun tí mo fi ń jẹ́ ọkọ lè má dáhùn mọ́.
Sàfùràtù tó jókòó tì mí wo òkè àjà:
“Ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́, Dókítà. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Ilẹ̀ Mọ̀níyà ló lọ sí i.
Wọ́n gún mi lẹ́yìn, ìdajì mi sùn.
Ìdajì tó kù ń gbọ́ ẹnìkan tó ń kà:
méjìlélógún, mẹ́tàlélógún,
bí a ṣe ń ka ọ̀rá dúdú tí a gbin ọmọ kòkó sí.
Ó ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ń fàyè sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n máa tọ̀ sínú asẹ́, bóyá hóró kan á bọ́.
Sàfùràtù yọ̀ǹda asẹ́ ògì rẹ̀ àtijọ́,
ó kọ orúkọ mi sí i lára gàdàgbà
kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà ṣìnà.

Àkíìbù ọmọ ọmọ mi kò gbọdọ̀ jókòó lẹ́sẹ̀ mi fún oṣù méjì.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí a lé.
“Bàbá àgbà, ṣé ẹ gbóná ni?”
Mo ní díẹ̀.
Mo ju ẹ̀pà sí i, ó ju èèpo padà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀.
Mo ń tẹ́tí lóru, mi ò gbọ́ nǹkan kan.
Bàbá mi máa ń lọ ní ìdájí,
á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kùkùté,
kò ní sọ ohun tó bá níbẹ̀.
Á kàn mú ọkọ́.