Èéfín Ìta Ọgbà

Èmi ni mo ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá inú ọgbà eré
lójú ọ̀nà Ọ̀dá, níbi tí Àkúrẹ́ ti ń parí lọ.
Kí àlejò àkọ́kọ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì
mo gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra mi
lẹ́ẹ̀mẹta, kí n fetí sí irin,
bóyá ibì kan ń dún tí kò yẹ kó dún.
Ọmọ́tádé ló ń tẹ bọ́tìnnì nísàlẹ̀.
Òkè pátápátá ni mo ti ń yan oúnjẹ ọ̀sán mi.

Ẹ má bi mí léèrè ilé oúnjẹ inú ọgbà.
Ìrẹsì wọn tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
itan adìyẹ kan dùbúlẹ̀ lé e lórí
bí aláìsàn tí wọn ò tíì sanwó ọsibítù rẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀. Omi lọ́tọ̀.
Ẹni tó jẹ ẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,
á sì tún máa wá oúnjẹ kiri.

Èéfín ni kẹ́ ẹ wò.

Èyí tó dúdú, tó ń yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà,
ti Akínwọléré ni. Àsun.
Ọmọ Oǹdó ni, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé.
Ó ń sun ewúrẹ́ lórí iná títí awọ á fi máa ta pàràpàrà,
á gé e wẹ́wẹ́, á da ata rodo bò ó, àti àlùbọ́sà.
Ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ ata púpọ̀,
á wò yín bí ẹni tó ṣìnà:
"Ẹ wọlé padà, wọ́n ń ta bisikíìtì níbẹ̀."
Mo ti rí ọkùnrin olówó kan níbẹ̀
tó bọ́ kóòtù, tó bọ́ bàtà, tó ń sunkún,
tó sì ń nawọ́ fún abọ́ kejì.

Èyí tó funfun, tó fẹ́lẹ́ lábẹ́ àwọn igi kòkó,
obìnrin ará Ìlàjẹ kan ló ni ín, Mọ́jẹ́rìọlá.
Pùpurù rẹ̀ máa ń gbọ́ òórùn iná,
ọbẹ̀ marúgbó rẹ̀ dúdú bí òru tí kò sí òṣùpá,
ẹ ò ní rí ẹja inú rẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi bá a.
Ọjọ́bọ̀ ni ẹja ń dé láti Ìgbókòdá.
Ẹ má lọ ní Ọjọ́rú.
Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn dáadáa ni.

Ti Bọ́dúnrìn ò ní èéfín, gáàsì ló ń lò.
Ẹyin díndín, búrẹ́dì, tíì gbígbóná.
Kò dùn tó bó ṣe ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ń ṣí láago mẹ́fà.

Ó ku apá òsì, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀ sí i.
Kò sí èéfín níbẹ̀ mọ́.
Ìyá Fẹ́hìntọlá ló ń gúnyán níbẹ̀ tẹ́lẹ̀,
iyán tó ń fà, ẹ̀gúsí tó ní ìgbín,
lọ́dún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ tí wọn ò san owó oṣù mẹ́ta.
Èédú ló fi ń kọ gbèsè mi sára ògiri:
ìlà kan, abọ́ kan. Kò sọ̀rọ̀ sí i rí.
Wọ́n kun àmì pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà mi.
Ọjọ́ tí mo gbowó, mo sáré débẹ̀,
katapílà ti wó ògiri àti ìṣirò.
Wọ́n ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́.
Nọ́ńbà tí mo ní ò lọ.

Abọ́ mẹ́jọ.

Láràárọ̀, tí kẹ̀kẹ́ bá gbé mi dókè lẹ́ẹ̀kẹta,
mo máa ń ṣẹ́wọ́ pé kí Ọmọ́tádé dá a dúró.
Á kígbe láti ìsàlẹ̀: "Ṣé irin ń dún ni?"
Màá ní rárá,
mo ń wo ohun tí mo fẹ́ jẹ.