Àpótí Endel

Säde gbé ayùn wá sílé mi lọ́jọ́ tí adágún kọ́kọ́ dì.
Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní rédíò bàbá àgbà."
Kí lo fẹ́ fi ṣe?
Ó ní òun fẹ́ tú ìfun rẹ̀ jáde,
kí òun kó kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀.

Mo kọ̀.
Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Endel fi tẹ́tí sí igi yẹn
láti mọ̀ bóyá yìnyín yóò bọ́ lọ́la.
Mo kọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i pé eruku nìkan ló ń gbọ́ rédíò náà.
Mo ní, gbé e,
ṣùgbọ́n má fi sáńpépà kan orí rẹ̀
níbi tí ife kọfí Endel ti fi òrùka sí.

Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n,
ó gé ihò roboto méjì sẹ́yìn àpótí fún fáànù.
Lẹ́búlẹ́bú igi bọ́ sínú ọbẹ̀ mi. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí mo fi ń hun ìbọ̀wọ́;
ó dì wọ́n pọ̀, ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó ní atẹ́gùn kì í fẹ́ gba ibi tó bá rí wúruwùru kọjá.
Mo ní, èmi náà.

Ó tan án.
Ó tàn.
Ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, fáànù ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé,
ooru fò dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún,
ojú rẹ̀ ṣú, ó kú.
Mo fọwọ́ kan igi náà: iwájú orí ọmọ tí ibà mú.
Ẹ̀rọ rẹ nìyí, mo ní, àmọ́ kò ní ẹ̀rọ̀.

Ó ti gbàgbé pé ọdún mọ́kàndínlógún
ni mo fi tún ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù ṣe nílé iṣẹ́ wàrà.
Ooru kì í kú, ọmọ mi. Ńṣe là ń lé e lọ síbòmíràn.
Wo fáànù rẹ: èyí ń fẹ́ wọlé, ìyẹn náà ń fẹ́ wọlé,
ta ni yóò jáde?
Ó yí ọ̀kan padà. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Kò tíì tó.

A mú tọ́ọ̀ṣì lọ sínú abà,
níbi tí ọkọ̀ Endel ti jókòó lórí bíríkì mẹ́rin.
A tú rédíétọ̀ kékeré tó máa ń yá ẹsẹ̀ wa lọ́nà Tartu;
òtútù mú ìka wa gan.
A fi ọtí kíkan fọ inú rẹ̀:
omi jáde ní dúdú, ó pọ́n, ó wá mọ́.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá.
Iná mànàmáná ò gbọ́ òwe yẹn rí.
Nítorí náà, lóru yẹn, ẹ̀rọ tó ń ti omi nìkan la tàn.
A tẹ́ bébà ìnujú sábẹ́ oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan,
a sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ màlúù tó fẹ́ bímọ.
Láago mẹ́rin mo fọwọ́ wá wọn nínú òkùnkùn.
Ẹ̀kẹta tutù.
Kì í ṣe irú tútù tí à ń wá.
Mo fún ìdè rẹ̀ ní ìdajì yíyí, mo dáwọ́ dúró;
Endel ní ẹni tó bá yí i jù ló ń fọ́ ọ.

Ó di oṣù méjì. Mọ́kànléláàádọ́ta ló ń dúró sí,
bó ti wù kí Säde kó iṣẹ́ lé e lórí tó.
Ológbò ti gba ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ooru ń gbà jáde.
Ìbọ̀sẹ̀ mi ń gbẹ níbẹ̀.
Lánàá mo gbé ife kọfí mi lé òrùka yẹn.
Ó bá a mu rẹ́gí.
Säde fò dìde: "Omi! Màmá àgbà, omi!"