Ìlà Méjì

Agogo mẹ́rin ti lù ní ọ́fíìsì wa ní Ùnítì,
ọ̀gá Yàhàyá ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò:
"Má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá orúkọ àkọtúnkọ nínú àká yẹn.
Ẹyọ kan ni kí o fi sílẹ̀. Pa ìyókù rẹ́."

Mo bi ẹ̀rọ léèrè ní èdè tó gbọ́:
kó orúkọ jọ, ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ yọ,
èyí tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, fi hàn mí.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó da mọ́kànlélógójì sílẹ̀.

Èyí tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ mú.
Bàbá Ìṣọ̀lá, aránṣọ Ọjà Ọba,
ti gba káàdì ìlera méjì láti èṣí
nítorí àlàfo kan ṣoṣo tí ẹnìkan tẹ̀ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀,
àlàfo tí ojú ò rí, tí ẹ̀rọ sì rí.
Mo gé e kúrò. Bàbá di ẹyọ kan.
Mo bu gúgúrú sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá a lọ, mò ń pa, mò ń pa,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì,
títí mo fi kan Sùwébátù Àjàní, ìlà méjì.
Ilé kan náà l'Ókèlélé. Nọ́ńbà fóònù kan náà.
Ọjọ́ ìbí: kìíní oṣù kìíní.
Ṣùgbọ́n ta ni wọn ò bí lọ́jọ́ náà nínú àwọn àgbà wa?
Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀,
akọ̀wé á fún un ní èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.
Odidi àdúgbò ń pé ọdún lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò sì dáná.

Ibi ìtẹ̀ka: ọ̀kan ní àmì, ìkejì ṣófo.
Òfo kì í ṣe òdo.
Òdo mọ iye ara rẹ̀; òfo ò mọ nǹkan kan.
Ìlà tó ṣófo ló yẹ kó lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà wí.
Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì.
N kò mọ ohun tó mú mi pe nọ́ńbà yẹn.

Ọmọkùnrin kan gbé e, ọ̀kadà ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Sùwébátù ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."
Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

Èwo nínú wọn.
Ìyálé ló ń mọ ìkòkò, ó ti tó àádọ́ta ọdún;
amọ̀ ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán,
ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wò ó, wò ó, kò rí ènìyàn.
Ìyàwó ló ń ru ìkòkò náà lọ sí Ìpàta.
Orúkọ kan ni ọkọ wọn ń pè,
ẹni tó bá sún mọ́ tòsí a dá a lóhùn.
Ọkọ ti kú. Wọ́n ṣì jọ ń jẹ́ ẹ.

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo fi òpó tuntun kan kún àtẹ náà,
mo sọ ọ́ ní "Èwo".
Mo kọ "amọ̀" síwájú ọ̀kan,
"Ìpàta" síwájú ìkejì.
Ọ̀gá á bínú lọ́la.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí
àwọn méjìlá tí mo ti pa rẹ́ kí n tó dé ibẹ̀,
tí n kò pe ẹnikẹ́ni.