Ẹni Tó Dákẹ́ Nínú Ọkọ̀

Oṣù Karùn-ún, síbẹ̀ òtútù. Kùrukùru ti gbé èbúté mì.
Láti fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ Broad Cove, wọn ò rí òkun mọ́;
òórùn ẹja nìkan ló ń jẹ́rìí pé kò tíì ṣí kúrò.
Ọmọ mẹ́sàn-án. Ìbọ̀sẹ̀ tútù ń gbẹ lórí ẹ̀rọ amúlégbóná.

Avis Tizzard fi ṣọ́ọ̀kì kọ o, ó kọ a tì í.
"Àwọn méjì yìí jọ ń gbé ni.
Ti iwájú á pe orúkọ ara rẹ̀,
ti ẹ̀yìn á panu mọ́."

Ìwọ tí ò ń ka èyí, má rẹ́rìn-ín.
Lédè tiwa, kò sí fáwẹ́lì tó ń jẹun ọ̀fẹ́:
bí a bá ti kọ ọ́, ó di dandan kó fọhùn.
Lọ́dọ̀ tiwọn, lẹ́tà lè jókòó jẹ́ẹ́ sígun ilé
kí wọ́n sì máa kà á mọ́ ará ilé.

Ìtàn náà ò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ.
Avis fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nídìí àbẹ́là, lálẹ́ tí ìjì já wáyà iná:
Ewúrẹ́ kan wọ kóòtù, ó bọ́ sínú ọkọ̀.
Òjò dé. Kóòtù rin gbindingbindin.
Ewúrẹ́ ò sọ̀ kalẹ̀.
Goat. Coat. Boat. Soak.
Ìka ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ètè ń ká róbótó bí ẹnu ìgò.

Ìbéèrè kẹta: kí ló dé tí ewúrẹ́ ò fi sọ̀ kalẹ̀?
Marina Snook ní omi ló mú kóòtù wúwo. Ó gbà á.
Desmond Blundon ní òpè ni ewúrẹ́ ọ̀hún. Ó gba ìdajì.
Corwin Pelley, ọmọ ọdún méje tí kì í nawọ́, nawọ́:
"Ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀
tí kì í sọ̀rọ̀."

Avis ṣí ìwé wò. Òun ló kọ ìtàn; kò fi ẹnì kankan síbẹ̀.
"Fi ìlà tó wà hàn mí."
Ọmọ náà ò fi ìlà hàn án. Ó fi àtàǹpàkò bo a:
coat di cot, kóòtù di ibùsùn ìkókó;
goat di got, ewúrẹ́ pòórá.
"Boat ńkọ́?"
"Ó ti rì, Míìsì."

Ta ni ò mọ Ambrose, bàbá àgbà rẹ̀,
tí rọpárọsẹ̀ ti kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ?
Bàbá Corwin á máa tukọ̀ lọ yẹ pàkúté lóbístà wò,
arúgbó á jókòó sẹ́yìn, kò ní wí nǹkan kan,
ọmọ á wà níwájú, á máa pariwo orúkọ ara rẹ̀ sí òkun.

Avis ò mọ iye máàkì tó yẹ kóun kọ.
Ó ya ọkọ̀ kékeré kan sétí ìwé.

Nígbà tí wọ́n túká, Corwin dúró lábẹ́ pátákó ìlú.
Broad. O rèé, a rèé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn.
Ó gbìyànjú òfin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sáré pa dà:
"Míìsì, àwọn eléyìí ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu!"
Avis mọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń sá fún pátákó yẹn.
Níbẹ̀ kò sẹ́ni tó pe orúkọ, kò sẹ́ni tó panu mọ́;
àwọn méjèèjì jọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà ni,
ohùn kan sì jáde tó fẹ́ jọ ọ tiwa, èyí tó lámì lábẹ́.
"Òótọ́ ni," ó ní. "Ìgbà mìíràn wà tí..."
Kò parí ẹ̀.

Kùrukùru ti ń ká. Nísàlẹ̀ létí omi,
arúgbó kan gbé ọwọ́ òsì sókè, ó la ẹnu.
Bóyá nǹkan jáde, bóyá atẹ́gùn ni.
Corwin ti dá a lóhùn.