Téèpù Kì í Gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀

Ogún ọdún ni mo fi ń wọn ìbàdí ẹlòmíràn
nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
Bí ẹni tó sanra bá mí sínú, n óò rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ẹ mí síta, ẹ̀gbọ́n. Téèpù kì í gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀."
Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí iná lọ, tí oníbàárà ò sí,
mo fi téèpù náà yí ara mi po.
Mo mí sínú. Mo tún mí sínú.
Méjìdínláàádọ́ta.

Nọ́ọ̀sì Oyèbísí ní Tákíé fi abẹ́rẹ́ gún mi níka,
ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí:
"Ṣúgà yín ti ń gun àjà, bàbá. Ẹ jẹ́ kí òkèlè sinmi.
Ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹja, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ bó ṣe wù yín.
Ọkà, gààrí, búrẹ́dì, ìrẹsì,
ẹ máa kí wọn lókèèrè
bí ẹni tó jẹ àna rẹ̀ lówó."

Ní Ògbómọ̀ṣọ́!
Ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jọkà
kí wọ́n tó mu kọ yangan,
ta ló ní kí n jókòó ti ọbẹ̀ lásán?
Ọbẹ̀ tí ò ní òkèlè,
lẹ́tà tí ò ní àdírẹ́sì ni.

Ọjọ́ kìíní, ẹyin mẹ́ta àti wàrà díndín.
Mo ní, àbí kò ju báyìí lọ?
Ọjọ́ kẹta, orí ń fọ́ mi,
mo rán apá bùbá Alàgbà Oyègòkè mọ́ ibi ọrùn.
Ọjọ́ karùn-ún, Mojírọ́lá gún kábéèjì,
ó rò ó lórí iná, ó fi ọ̀rá wé e róbótó,
ó ní, "Ẹ fojú inú jẹ ẹ́."
Mo fojú inú jẹ ẹ́.
Ikùn mi ò ní ojú inú.

Lóru, mo gbọ́ ohùn gààrí nínú ike.
Mo dìde, mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀,
mo dé e padà.
Ọlọ́run nìkan ló rí mi,
Ọlọ́run àti ológbò.

Ìgbà máńgòrò bá mi lẹ́nu rẹ̀.
Ó ń já bọ́ sórí páànù, gbì, gbì,
omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá àwọn ọmọ àdúgbò,
èmi ń fi ìgbá jẹ ẹ̀pà.
Sòkòtò mi di àpò. Mo fún un, mo tún fún un.
"Kí ló dé tẹ́ ẹ rù báyìí? Ṣé ọjà ò tà ni?"
Onílé wò mí títí, kò béèrè owó ilé.
Mi ò já a nírọ́.

Àfi ìgbà tí Màmá dé láti Ìrẹsà pẹ̀lú iṣu mẹ́fà.
Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ odó.
Ó gbé iyán síwájú mi, ó ń wo egungun ọrùn mi.
"Màmá, n kì í jẹ ẹ́ mọ́."
Ó dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Lọ́dún tí ọ̀dá dá, mo máa ń bu òkèlè tèmi fún ọ,
mo máa ń ní mo ti yó.
Irọ́ ni.
Ara tí mo fi irọ́ kọ́ lò ń wó palẹ̀ yìí."

Mo ṣanwọ́. Mo bu ẹyọ kan, kò ju àtàǹpàkò lọ,
mo jẹ ẹ́ pẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.
Lẹ́yìn náà mo fa téèpù lé e lọ́wọ́.
Màmá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo fi bírò sàmì sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.
Ó fà á yí mi ká,
bí ìgbà tó ń fi ọ̀já pọ̀n mí,
ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn mi.
"Ọwọ́ mi ká ọ," ó ní.

Ó gbé iyán tó kù fún Oyèdìran.
Ológbò ń wò wá.