Pẹ́ńsùlù

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Byázhín, lẹ́yìn Kúbwà.
NẸ́PÀ ti mú iná lọ, ooru oṣù kẹta ò sì sùn.
Ìyùnadé jókòó ti fìtílà oníbátìrì,
ó ń wo ìwé JÁǸBÙ bí ẹni ń wo ẹnu kànga.
"Bàbá, iṣẹ́ wo ni ẹ̀rọ ò ní gbà lọ́wọ́ èèyàn?"

Mo wúkọ́. Mo ní kó bu omi wá.

Èmi kọ́ ló yẹ kó bi,
èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún tẹ̀wé ní Sẹkitéríàtì,
ọgọ́ta ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, n ò wo ọwọ́.
Ọ̀gá mi, Alàájì Bàtúrè, a máa sọ pé
"Bí ìka Láwoyin bá sinmi, ìjọba sinmi."
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni kọ̀ǹpútà dé.
Èmi náà wà lára àwọn tó gbé e gun àtẹ̀gùn,
mo tiẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n rọra, kó má baà fọ́.
Ìyàwó mi ní mo ṣì ń tẹ̀wé lójú oorun.

Ọmọ náà ti bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, lórí fóònù.
Ó dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà,
ó to iṣẹ́ mẹ́wàá tí kò ní fọwọ́ kàn.
Ìyùnadé rẹ́rìn-ín:
"Ṣé olè a máa sọ ilẹ̀kùn tó máa gbà wọlé?"

Ìyá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ ìṣirò owó.
Bẹ́ẹ̀ àbúrò ìyá náà, tó ń ka owó ní báǹkì kan ní Wúsè,
ẹ̀rọ ara ògiri ló ń bá a kà á báyìí;
òun ń kọ́nà sára fìlà ní Súlèjà,
ó sì ní wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ fìlà bọ̀.

Ìgbà náà ni Hàbílà kọjá, tòun ti sípánà léjìká.
Omi ti dá nílé Mádakí.
Ìyùnadé gbé fìtílà tẹ̀ lé e, n ò dá a dúró.
Ó ní ọkùnrin náà ò kọ́kọ́ tú nǹkan kan:
ó dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lé páìpù,
bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ tí ibà ń ṣe,
ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́.
Wọ́n dákẹ́.

Láàárọ̀, mo bá tákàdá lórí tábìlì.
Ó ti kọ nǹkan, ó ti pa á rẹ́, ó ti kọ òmíràn.
Láyé tèmi, lẹ́tà tí ìka bá ti lù, ó ti lù ú náà nìyẹn.
N ò kà á.
Mo wá abẹ, mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù náà kó tún mú,
mo dá a padà síbi tí mo ti bá a.