Ilẹ̀ Bàbá Mi Nínú Agolo

Ní Sàmárù, ọyẹ́ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Kí n tó lajú, ó ti jókòó sórí ìwé mi,
ó ti fi eruku kọ orúkọ ara rẹ̀
sẹ́yìn èyí tí mo yá, tí n kò tíì kà tán.

Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.
Máàkì mẹ́rin ló dín. Wọ́n tì mí sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró:
"Mo ní kó o lọ kàwé kó o lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́,
o rin gbogbo ọ̀nà dé Saríà,
ọkọ́ lo tún lọ ń kọ́!"
Ìyá mi ní tirẹ̀ sọ fún gbogbo agboolé
pé dókítà ni mò ń kà.
Kò purọ́ tán. Ó kàn dákẹ́ lórí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Lóṣù Kẹfà a gbin ọkà bàbà sóko ìdánwò,
sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gọ́rin láti ebè sí ebè.
Bó bá fi ẹyọ kan lé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bákò á ní ká tú u.
Àtẹ́lẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń wọn tirẹ̀ nílé,
ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, á wúkọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ kan,
àgbàdo rẹ̀ a sì tò bí ọmọ iléèwé lówùúrọ̀ Mọ́ńdè.

Èpò kan wà níbẹ̀ tó ń yọ òdòdó àlùkò.
Mo fẹ́ já a há irun. Málàm Habú gbá mi lọ́wọ́.
Wútà-wútà ló pè é, iná-iná.
Ó fi ṣọ́bìrì hú u tìdí-tìdí:
lábẹ́ ilẹ̀, ó fẹnu mọ́ gbòǹgbò ọkà,
ó ń fà á mu bí ọmọ tó dàgbà tí kò já lẹ́nu ọmú.
Àwọn yòókù ń yàwòrán rẹ̀.
Èmi ń ro owó iléèwé tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá,
dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ obì kan já agolo mílíìkì fún mi ní Kwàngílà,
wọ́n fi ọ̀rá bò ó lẹ́nu, wọ́n fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kò sí lẹ́tà. Bàbá ló pè:
"Ilẹ̀ ẹ̀yìn odò nìyẹn, Àyọ̀ká.
Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Má sọ fún ìyá rẹ."

Mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Èépá ẹ̀pà kan jáde,
àfọ́kù ìkarahun ìgbín, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀.
Mo ki bébà bọ omi rẹ̀, bébà náà pọ́n
bí ojú ẹni tí kò sùn.
Mo kọ èsì: ilẹ̀ yìí ti gbó. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ ọ́: ó ti rẹ ilẹ̀ yìí. Mo pa ìyẹn náà.

Málàm Habú fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tutọ́.
"Ọmọ mélòó ló ti jẹ lórí èyí?"
Mo ní márùn-ún.
Ó wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀, ó lọ bu omi sí àlùbọ́sà.

Ọdún méjì ni ìwé ní kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi sinmi.
Ọdún méjì náà ló kù kí n jáde.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí owó ìpè dínkù.
"Ìsinmi ló ń tọrọ, Bàbá."
Ó gbé fóònù bọ́ sí etí kejì, etí tó gbọ́ràn dáadáa.
"Hẹn-ẹn. Kí ló tún sọ?"
Mo ní kó gbin ẹ̀wà sí ìdajì, kó má kórè ewé rẹ̀,
kó jẹ́ kó rà síbẹ̀.
"Ìdajì wo? Èyí tá à ń jẹ,
àbí èyí tá à ń tà fún ìwé rẹ?"

Ọyẹ́ ń gbọn fèrèsé.
Mo ní, "Tèmi ni kẹ́ ẹ gbin ẹ̀wà sí."